Okùn Tí Kò Lórúkọ: Wáyà Tẹlifóònù àti Àkọlé Rẹ̀ Nínú Àwọn Ilé Iṣẹ́ ní Ìbàdàn

Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìbàdàn tuntun. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n fi kọ́ ọ, bóyá ni a sì fi lè rí ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ tí kò mẹ́nu ba gíga rẹ̀ àti owó náà. Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni ohun tó ń sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ilé iṣẹ́. Ọ̀gá tó jókòó sí àjà ogún kò lè máa rán ọmọ ọ́fíìsì sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bá akọ̀wé owó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó wà ní Èkó kò lè máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Dùgbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Tẹlifóònù ló mú kí ilé gíga ṣeé lò fún iṣẹ́, tẹlifóònù ìgbà náà kò sì lè dún láìsí wáyà tó gba inú ògiri kọjá. Wáyà inú ògiri yìí, àti àkọlé tó yẹ kó wà lára rẹ̀, ni àròkọ yìí dá lé.

Ìtàn tẹlifóònù ní Nàìjíríà tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ jẹ́ ìtàn ìjọba àti ti iye okùn. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1886, nígbà tí kébù abẹ́ òkun so Èkó mọ́ London. Wọn a bọ́ sí 1893, nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Wọn a sì balẹ̀ sí 1960, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 40, kò ní ju okùn tẹlifóònù 18,724 lọ. Nínú ibùdó ìsopọ̀ ìpè 121 tó wà nígbà náà, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń so ìpè mọ́ ìpè ní 116. Márùn-ún péré ló ń dá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn ilé iṣẹ́ NET ti 1962, ti NITEL ti 1985, ti àjọ NCC ti 1992, àti ti fóònù alágbèéká ti 2001. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ni irú ìtàn báyìí máa ń dúró sí. Ó kà á sí pé bí okùn bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn oníṣẹ́ wáyà mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí bí wáyà ṣe kúrò lójú ènìyàn. Láyé tẹligíráàmù, wáyà ni wọ́n ń tẹ̀: bí wọ́n bá ní àwọn tẹ wáyà sí ẹnì kan, iṣẹ́ kíákíá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà ló fún un ní orúkọ. Nígbà tí tẹlifóònù dé, orúkọ kúrò lára wáyà, ó bọ́ sára ohùn: “tẹ̀ mí láago.” Aago tó ń dún lórí tábìlì ni etí ń gbọ́, ojú kò rí wáyà mọ́ nítorí pé ó ti wọ inú ògiri lọ. “Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀” tí àwọn onímọ̀ èdè wá ṣẹ̀dá lẹ́yìn náà kò rántí wáyà bákan náà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wáyà kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni tẹlifóònù kan nílò, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn kí ariwo láti ibòmíràn má baà wọ inú ọ̀rọ̀. Ọdún 1881 ni Alexander Graham Bell ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n lílọ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Wáyà méjì bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí ń pè ní okùn kan. Ibùdó ìsopọ̀ ìpè máa ń fi iná tó tó fóltì 48 sórí okùn nígbà gbogbo, yálà ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tàbí kò sí, ìdí sì nìyí tí tẹlifóònù àtijọ́ fi lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Kébù tó kó ọ̀pọ̀ okùn pọ̀ máa ń ti ojú títì wọ yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé. Lára ògiri yàrá náà ni pátákó ìsopọ̀ wà: apá kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, apá kejì jẹ́ ti onílé, wáyà asopọ̀ kéékèèké ló sì ń ti apá kan kọjá sí èkejì. Láti ibẹ̀ ni kébù mìíràn ti ń gba ihò òòró ilé gòkè, tó ń já okùn díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí okùn kọ̀ọ̀kan tó wá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dé orí tábìlì. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ní ẹ̀rọ ìsopọ̀ ìpè ti inú ilé, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pe ara wọn láti yàrá sí yàrá, okùn yóò tún gba inú ìyẹn kọjá. Okùn kan ṣoṣo lè tipa báyìí ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ibi tó bá sì ti yí ọwọ́ padà ni ó ti lè sọnù.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ṣe kébù gbà dènà ìsọnù yìí ni àwọ̀, ètò náà sì yẹ ní àlàyé ní kíkún nítorí ohun tó lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Wọ́n pín okùn 25 sí ìdílé márùn-ún, wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ olórí: funfun, pupa, dúdú, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ àlùkò. Okùn márùn-ún tó wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ní àwọ̀ tí a fi ń dá wọn mọ̀ láàrin ara wọn: àwọ̀ aró, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ pákó, àwọ̀ eérú. Nítorí náà, funfun pẹ̀lú aró ni okùn kìn-ín-ní. Dúdú pẹ̀lú ọsàn ni ìkejìlá. Àlùkò pẹ̀lú eérú ni ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí kébù bá ju okùn 25 lọ, wọn a fi ọ̀já aláwọ̀ di ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọ̀já náà a sì tún tẹ̀ lé ètò kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò ó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń lò ó fún wáyà inú ilé. Oníṣẹ́ tó bá ti há a sórí lè mọ ipò okùn kan láàrin ọgọ́rùn-ún láìwo ìwé.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé àwọ̀ olórí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn mẹ́ta tí èdè wa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún láìfi wọ́n wé ohun mìíràn. Gbogbo ìyókù, a yá wọn lọ́wọ́ èso, lọ́wọ́ ẹyẹ, lọ́wọ́ ewé, lọ́wọ́ eérú ààrò. Kò sí ìdí láti rò pé ẹni tó ṣe ètò náà mọ ìyàtọ̀ láàrin aṣọ olórìṣà funfun àti ti oníṣàngó. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ lè lo kòńgẹ́ náà dáadáa, nítorí pé ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ olórí ìdílé títí dé okùn kẹẹ̀ẹ́dógún kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ipò ni àwọ̀ ń sọ. Kì í sọ ẹni tó ni okùn. Dúdú pẹ̀lú ọsàn ń sọ pé okùn kejìlá nìyí. Kò sọ bóyá ti máníjà ni tàbí ti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Àkọlé ló yẹ kó sọ ìyẹn: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ lára pátákó ìsopọ̀, ọ̀kan nínú àpótí orí àjà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí fóònù ń ki ẹnu bọ̀ lára ògiri, kí ìwé àkọsílẹ̀ okùn sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níbi tí kò bá sí àkọlé, àwọn méjì ni yóò ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ̀kan yóò wà lókè pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ohùn sórí okùn. Èkejì yóò wà nísàlẹ̀, yóò máa fi irin agbóhùn kan okùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn náà yóò fi dún sí i létí. Ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú kan yóò gba ọ̀sán kan. Ewu tó burú jù níbẹ̀ ni pé okùn tó dákẹ́ kì í ṣe okùn tó kú. Tẹlifóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé ní wákàtí tí oníṣẹ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò lè jọ òfìfo lójú ẹni tó ń kánjú. Bó bá gé e fún ẹlòmíràn, oníṣòwò kan yóò gbé fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Kí ló wá dé tí àkọlé fi máa ń ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí? Ìdáhùn tó máa ń yá ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn oníṣẹ́ ya ọ̀lẹ, tàbí pé a kò mọ ìtọ́jú nǹkan. Ìdáhùn yìí kò tó, ó sì tún jẹ́ ẹ̀sùn tí a fi ń kan òṣìṣẹ́ kékeré láti bo ètò ńlá mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́n okùn ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ìlérí ètò ìdàgbàsókè ni pé okùn tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà yóò tó 460,000 ní 1985. Nígbà tí ọdún náà dé, nǹkan bíi 200,000 ló wà. Okùn tẹlifóònù kan wá di dúkìá tí àwọn ènìyàn ń fi ọdún púpọ̀ dúró dè, tí ọ́fíìsì sì ń fi ṣe ìyangàn. Níbi tí nǹkan bá ti wọ́n báyìí, ìmọ̀ ibi tó wà náà a di dúkìá. Àwọn tó gbé ayé NITEL mọ ọ̀rọ̀ “tossing” dáadáa: ẹnì kan á fi okùn ẹlòmíràn pe òkè òkun, ìwé owó á sì lọ bá oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ “Ọ̀gá Àgbà, ìpè òkè òkun” sára okùn kan ti fi ọ̀nà han olè.

Bí a bá wò ó báyìí, àìsí àkọlé kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Ọ̀nà ìpamọ́ ni pẹ̀lú. Oníṣẹ́ a máa fi téèpù di wáyà kan, a máa ta kókó sí òmíràn, òun nìkan ni yóò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ààlè ni ó sún mọ́ jù nínú àṣà wa. Ààlè tí wọ́n so mọ́ ìdì igi lẹ́bàá ọ̀nà ń kìlọ̀ pé nǹkan yìí ní olówó; kò kọ orúkọ olówó náà síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ará ìlú ló lè ka ààlè, nígbà tó jẹ́ pé kókó wáyà ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pè bí fóònù bá bàjẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ohun tí kò kọ sílẹ̀, kò sì yẹ kí òpìtàn máa fi ojú àbùkù wo ìyẹn láìbéèrè iye tí wọ́n ń san fún un lóṣù.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1985 mú nǹkan méjì wá papọ̀. Oṣù náà ni ìjọba yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára ilé iṣẹ́ P&T, tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ NET, tí ó sì di NITEL. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà ni iná jó Ilé Kòkó. Bí iná bá jó ilé iṣẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ okùn a jóná, ike ara wáyà a yọ́, àwọ̀ a sì bá a lọ. Kọ́pà nìkan ló lè ṣẹ́ kù, òun náà kò sì ní ohun tó lè fi sọ ẹni tí òun ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù Ògún 1992 ni wọ́n tó tún Ilé Kòkó ṣí. Láàrin ọdún méje yẹn, ayé iṣẹ́ wáyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní 1991 ni wọ́n tẹ ìlànà TIA/EIA-568 jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tó sọ bó ṣe yẹ kí wáyà ilé iṣẹ́ rí. Ní 1993 ni TIA/EIA-606 tẹ̀ lé e, tí òun dá lórí àkọlé àti àkọsílẹ̀ nìkan.

Kókó kan nínú ìlànà kejì yìí yẹ kí ó fa òpìtàn Ìbàdàn lójú mọ́ra: ibi tí okùn wà ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ, kí a má fi ẹni tó ń lò ó sọ ọ́. Àjà, yàrá, pátákó, ihò. Ìlú Ìbàdàn ti mọ ọ̀nà ìsọlórúkọ méjèèjì yìí tipẹ́. Ní àárín ìlú, ilé ń jẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó: Ilé Ìbíkúnlé, Ilé Ògúnmọ́lá. Ẹni tí kò mọ ìtàn kò lè mọ ọ̀nà. Ní Bódìjà, ilé tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pín lẹ́sẹẹsẹ láti ìparí àwọn ọdún 1950 síwájú, nọ́ńbà àti orúkọ òpópó ni a fi ń wá ilé. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè débẹ̀. Wáyà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “Akọ̀wé Àgbà” dà bí agbo ilé àárín ìlú, àyàfi pé akọ̀wé àgbà kì í ní àrọ́mọdọ́mọ tí yóò jogún yàrá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Àkúrẹ́, àkọlé náà di irọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ọdún 2001 ni àwọn ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó dìgbà náà, okùn tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000. Ní Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ọlọ́jà “business centre” tí wọ́n ń fi okùn kan tàbí méjì ta ìpè fún akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ọjà ti kúrò lọ́wọ́ wọn; abẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì ni ìpè títà bọ́ sí. Ọ̀wọ́n tó fún ìmọ̀ oníṣẹ́ wáyà ní iye ti lọ. NITEL fúnra rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, títí di 2015 tí wọ́n fi gbé ohun ìní rẹ̀ lé NATCOM lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìntì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún owó wọn, púpọ̀ nínú wọn sì kú kí ìjà náà tó parí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa okùn tó wà nínú ògiri Dùgbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ.

Àkọlé padà wá, ṣùgbọ́n nítorí kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe nítorí tẹlifóònù. Àwọn báńkì tó wà ní Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wáyà tó so kọ̀ǹpútà pọ̀, ẹni tó ń ta wáyà náà sì ń bá ìlànà àkọlé rìn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi agbára mú kí báńkì 89 di 25 ní ìparí ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka yí orúkọ padà láàrin oṣù díẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi àjà àti yàrá sọ okùn lórúkọ, ẹni tó wọlé tuntun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtú nǹkan kan. Níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ẹ̀ka báńkì tó ti parẹ́ ló wà lára àkọlé, oníṣẹ́ tuntun ní láti wá okùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ti àtijọ́.

Fún òpìtàn, àkọlé tó ti di irọ́ yẹn ni ó níye lórí jù. Pátákó ìsopọ̀ kan tí orúkọ ọ́fíìsì wà lára rẹ̀ ń sọ ẹni tó ní okùn tirẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan, ẹni tó ń pín pẹ̀lú ẹlòmíràn, àti ẹni tí kò ní rárá. Ó ń sọ àjà tí àwọn ọ̀gá wà, àti ìgbà tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Kò sí ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń sọ irú èyí. Ilé Àkójọ Ìwé Ìtàn Ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ń tọ́jú fáìlì ìjọba, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ okùn jẹ́ ti onílé tàbí ti ayálégbé, àpótí tí àkọlé wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé lójú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń tún ilé ṣe, wọ́n á já kébù àtijọ́ kúrò nínú ihò òòró ilé, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra kọ́pà. Àwọn wọ̀nyí a sì máa sun ike ara rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n, àwọ̀ àti àkọlé papọ̀.